Láti Orí Ìwọ̀fà Dé Orí Ilé Gbàǹjo: Ìtàn Ilé àti Gbèsè ní Òkè-Ògùn

Kò sí àwùjọ kan tí ènìyàn kì í ti í jẹ gbèsè. Olówó wà, aláìní wà. Ẹni tí òjò kò rọ̀ sí oko rẹ̀ wà, ẹni tí òkú ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sí láìròtẹ́lẹ̀ náà sì wà. Ohun tí ó mú àwùjọ kan yàtọ̀ sí èkejì ni ohun tí àṣà tàbí òfin gba olówó láyè láti mú nígbà tí ajigbèsè kò bá rí owó san. Ní ibì kan, ara ajigbèsè ni a ń mú. Ní ibòmíràn, irè oko rẹ̀ ni. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, ilé tí ó ń gbé ni. Bí a bá mọ ohun tí olówó lè gbà, a ó mọ ohun tí àwùjọ náà kà sí ọrọ̀, a ó sì mọ ẹni tí wọ́n gbà pé ó ni ilé.

Ní Èkó àti ní Ìbàdàn, kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ pé kí akódà ilé-ẹjọ́ lẹ ìwé mọ́ ara ilé ajigbèsè, kí a sì lu ilé náà ní gbàǹjo fún ẹni tí ó bá lè san owó tí ó pọ̀ jù. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n sọ ọ́ di òwò láti máa wá irú ilé bẹ́ẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n bí a bá gòkè lọ sí pápá Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Òkèhò, láti Òkèhò dé Ṣakí, dé Ìgbòho àti Kìṣí, ọ̀rọ̀ náà kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: báwo ni ilé ṣe di ohun tí olówó lè gbà ní ilẹ̀ Yorùbá, kí sì ni ó fà á tí ìyípadà náà fi pẹ́ kí ó tó dé Òkè-Ògùn?

ILÉ NÍ AYÉ ÀTIJỌ́

Ní Òkè-Ògùn àtijọ́, amọ̀ ni a fi ń mọ ògiri, koríko bẹẹrẹ ni a sì fi ń bo orí ilé. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ ni ó mọ bí koríko yìí ti níyì tó, nítorí pé ọdún Bẹẹrẹ, tí a fi ń kó koríko wá fún ààfin Aláàfin, wà lára àwọn ọdún ńlá ìlú náà. Amọ̀ kò lówó lórí, koríko kò lówó lórí. Ohun tí ilé ń gbà ni ọwọ́ ènìyàn, ọ̀wẹ̀ ni a sì fi ń rí ọwọ́ náà. Àwọn ọmọ agbo ilé yóò po amọ̀, àwọn ẹgbẹ́ yóò bá wọn mọ ọ́n; ọkọ àfẹ́sọ́nà tí ó ń fẹ́ ọmọbìnrin ilé náà yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá àna rẹ̀ bo ilé. Nígbà tí ilé bá parí, ta ni ó lè jáde wá sọ pé òun nìkan ni ó kọ́ ọ?

Ilé kì í dá dúró nígbà náà. Inú agbo ilé ni ó máa ń wà, baálé ni ó sì ń ṣe àkóso agbo ilé. Ẹni tí ó bá ní yàrá níbẹ̀ ní in nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Bí ó bá kú, ọmọ rẹ̀ yóò gbà á; bí kò bá ní ọmọ, yóò padà sí ọwọ́ ẹbí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, inú ilé ni a ń sin òkú àwọn àgbà sí. Ẹni tí yóò bá ta ilé yóò ta ibojì baba rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n ń wí kì í ṣe ògiri, bí kò ṣe àwọn ènìyàn inú rẹ̀, àwọn tí ó ti kú àti àwọn tí a kò ì tí ì bí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò yàtọ̀. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé pé a máa ń fún ènìyàn ní ilẹ̀ láti lò, ṣùgbọ́n a kì í ta ilẹ̀. Ní Òkè-Ògùn pàápàá, ilẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti ṣá yóò fi í sílẹ̀ kí ó di igbó, yóò sì lọ kọ ebè sí ibòmíràn. Ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí gbà lọ́wọ́ baálẹ̀ kì í níye lórí lọ́jà.

OLÓGÒ, ONÍGBỌ̀WỌ́ ÀTI ÌWỌ̀FÀ

Nígbà tí ilé àti ilẹ̀ kò ti ṣeé tà, kí ni olówó ń gbójú lé? Ènìyàn ni. Kí a tó yá ènìyàn lówó, yóò mú onígbọ̀wọ́ wá, ẹni tí yóò san owó náà bí ajigbèsè bá yẹ àdéhùn. Bí kò bá sí ẹni tí ó lè ṣe onígbọ̀wọ́, tàbí bí owó náà bá pọ̀, ajigbèsè yóò sin olówó gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀fà, tàbí kí ó fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sọfà.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín ìwọ̀fà àti ẹrú. A ra ẹrú ni, a sì lè tà á. Ọmọ bíbí ìlú ni ìwọ̀fà, ẹnikẹ́ni kò lè tà á. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé owó, kò sì dín ojú owó kù rárá. Bí ó sin fún ọdún kan, bí ó sin fún ogún ọdún, iye tí a yá náà ni a óò san padà. Ní ọjọ́ tí a bá san án, òmìnira dé. Ìhà méjì ni ètò yìí ní. Ó burú ní ti pé ọmọdé lè lo ìgbà èwe rẹ̀ tán lórí gbèsè tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà kan tí olówó kò lè rékọjá: bí ó ti wù kí ìgbà pẹ́ tó, ìwọ̀fà kì í di ẹrú.

Òfin kan náà ni ó de oko tí a bá fi dógò. Ní àwọn ibi tí a ti ń fi oko dógò, olówó yóò máa jẹ èso oko náà títí a ó fi san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdógò kì í di títà. Baba lè fi oko dógò kí ọmọ ọmọ rẹ̀ wá gbà á padà. Ìgbà kì í pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀.

Bí ajigbèsè bá wá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Johnson sọ̀rọ̀ nípa ológò, ẹni tí àwọn aláṣẹ ìlú fún ní àṣẹ láti lọ dógò ti ajigbèsè. Ológò yóò wọ ilé ajigbèsè, yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa fi ariwo àti ìyọlẹ́nu ni gbogbo ará ilé lára, kò sì ní kúrò títí a ó fi san owó náà. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ológò ń ṣe dáadáa. Kò gba ilé. Ó kàn jókòó sínú rẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé ìtìjú ajigbèsè ni ìtìjú agbo ilé, àti pé àwọn ẹbí yóò dá owó jọ kí àlejò burúkú náà lè lọ. Agbo ilé lápapọ̀ ni ó ń ru ẹrù gbèsè, nítorí náà agbo ilé kò lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún dé, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú gba orúkọ Òṣómàáló, nítorí pé wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ wọ́n lówó, wọn a sì ní lórí ìlóṣòó ni àwọn yóò ti gba owó àwọn. Kò sí ìwé ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìtìjú kan náà tí ológò ń lò ni àwọn náà ń lò.

ÈKÓ: ÌWÉ DI ILÉ

Èkó ni ìyípadà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ pàápàá ni ọba ti ń fún àwọn àtọ̀húnrìnwá, àwọn Sàró, àwọn Àgùdà àti àwọn oníṣòwò Òyìnbó, ní ìwé ilẹ̀. Lẹ́yìn 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé yìí kò dárúkọ agbo ilé; orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo ni ó wà lára rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò Òyìnbó tí ń kó ọjà fún àwọn alágbàtà láwìn kò mọ onígbọ̀wọ́, wọn kò sì fẹ́ ìwọ̀fà. Ìwé ilẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Ẹni tí ó bá kó aṣọ tàbí ọtí láwìn yóò fi ìwé ilé rẹ̀ sílẹ̀. Bí iye owó epo pupa bá wálẹ̀ ní ìlú Òyìnbó, tí kò sì rí gbèsè san, ilé lọ nìyẹn. Nígbà tí òfin 1876 dá Ilé-ẹjọ́ Gíga sílẹ̀ ní Èkó, ọ̀nà tí olówó fi lè gba ilé wá ní ìlànà. Báyìí ni a ṣe mú ohun tí Yorùbá kì í tà wọ inú ọjà.

Síbẹ̀ ilé ẹbí kò kú. Ní 1908, ẹjọ́ Lewis àti Bankole dé iwájú adájọ́ ní Èkó lórí ilé kan tí ìjòyè Mabinuori fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1874. Ilé-ẹjọ́ gbà pé ilé ẹbí jẹ́ ti gbogbo ọmọ olóògbé, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ní 1921, nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa ti Èkó, àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù náà gbà pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìlú, abúlé tàbí ẹbí ni ó máa ń ni ilẹ̀ ní agbègbè yìí, kì í ṣe ẹnì kan. Láti ìgbà náà ni oríṣi ilé méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní adúgbò kan náà: ilé tí ẹnì kan ni, tí gbèsè rẹ̀ lè gbà; àti ilé ẹbí, tí gbèsè ọmọ kan kò gbọdọ̀ gbà. Àwọn méjèèjì lè jọ ara wọn lójú bí ìbejì. Inú ìtàn ilé náà ni ìyàtọ̀ wọn wà.

ÒKÈ-ÒGÙN LÁBẸ́ ÌJỌBA ÒYÌNBÓ

Ọ̀nà tí ìjọba Òyìnbó gbà dé Òkè-Ògùn yàtọ̀. Abẹ́ Aláàfin ni wọ́n kó agbègbè náà sí. Ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ tuntun dé, àwọn akódà sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Inú àwọn ènìyàn kò dùn sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, ìṣọ̀tẹ̀ ńlá ṣẹlẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Òkèhò. Ilé-ẹjọ́ tuntun wọ̀nyí, àti bí agbára àwọn ìjòyè ìlú ṣe bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wà lára ohun tí ó fà á. Ìjọba fi ọwọ́ líle tẹ ìṣọ̀tẹ̀ náà rì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1917, Òkèhò ṣí kúrò ní ibùdó rẹ̀ tí ó wà láàárín òkè, èyí tí a ń pè ní Ahoro Òkèhò, lọ sí ibi tí ó wà títí di òní.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣí ìlú yìí kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kan. Odidi ìlú fi ògiri rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún ara rẹ̀ kọ́ sí ibòmíràn, síbẹ̀ Òkèhò náà ni. Níbi tí irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀, olówó tí ó bá gba ògiri kò gba nǹkan kan. Ohun tí ó níye lórí ni àwọn ènìyàn tí wọ́n ń mọ ògiri.

Ìdí kejì ni irúgbìn. Ní igbó Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó, kòkó sọ ilẹ̀ di owó. Igi kòkó a máa so fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà oko kòkó ṣeé fi dógò, olówó sì mọ ohun tí yóò máa rí níbẹ̀. Nígbà tí iye owó kòkó já wálẹ̀ lẹ́yìn 1929, gbèsè bo ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó kì í ṣe dáadáa ní pápá. Iṣu, ọkà bàbà, àgbàdo, gbágùúdá àti tábà ni àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń gbìn, ọdọọdún ni a sì ń kórè wọn tán. Ẹni tí ó bá gba oko iṣu lẹ́yìn ìkórè, ilẹ̀ lásán ni ó gbà, ilẹ̀ kò sì wọ́n ẹnikẹ́ni.

Ìdí kẹta ni ẹ̀sìn àti ẹgbẹ́. Àwọn mùsùlùmí pọ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ẹ̀sìn wọn sì kọ èlé. Èésú àti àjọ wà fún ẹni tí ó nílò owó. Èyí kò wí pé kò sí olówó èlé; àwọn sògúndogójì kò ṣàìsí níbi tí àìní bá wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí ènìyàn lè tọ̀ kí ó tó kan ilẹ̀kùn wọn.

Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1930, ìjọba ti ń fi òfin lé ìwọ̀fà kúrò nílẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n àìní owó kò tẹ̀ lé ìwọ̀fà lọ, olówó sì ní láti wá nǹkan mìíràn tí yóò gbójú lé. Ní àkókò yìí kan náà ni páànù ń gba ipò koríko, tí sìmẹ́ńtì sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A kò lè fi ọ̀wẹ̀ rí páànù, owó ni a fi ń rà á, ẹni tí ó bá sì fi owó rà á yóò fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ni ó rà á. Báyìí ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ní iye lórí, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹni kan ṣoṣo tí í ṣe olúwa rẹ̀. Bí a ti ń tú ara ènìyàn sílẹ̀ kúrò lábẹ́ gbèsè ni ilé rẹ̀ ń rọ́ wọ abẹ́ rẹ̀.

ILÉ TÍ A TÀ NÍ KÁNJÚKÁNJÚ: GÁNÀ, 1969

Kì í ṣe gbèsè nìkan ni ó lè gba ilé lọ́wọ́ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí, Ìgbẹ́tì àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti lọ ṣòwò ní Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957. Láti Àkúrá àti Kùmásì títí dé Tàmálè ni wọ́n ti ń tajà. Àwọn tí ó rí ṣe láàárín wọn kọ́ ilé síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí ó kúrò ní ìlú.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá kò tó fún ẹni tí ó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlú onílùú. Ọjà tí a kó láwìn fún ènìyàn di àwáàrí. Àwọn kan fi ilé wọn sí ìkáwọ́ ọ̀rẹ́. Àwọn mìíràn ta ohun tí wọ́n ní lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ó rà á kò jalè, òfin kò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n iye tí ó san kì í ṣe iye ilé náà. Iye ọjọ́ tí ó kù fún olùtà ni. Ohun kan náà ni ó ń mú kí ilé gbàǹjo pọ́ níye níbi gbogbo ní ayé. Olùtà kò lè dúró, olùrà sì mọ̀ pé kò lè dúró. Àwọn tí ó padà dé sí Òkè-Ògùn pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ mọ ìtumọ̀ ilé lọ́nà tí wọn kò fi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: ilé tí ó wà láàárín ẹbí ẹni nìkan ni àṣẹ òjijì kò lè gbà.

ÒFIN ILÉ GBÀǸJO

Lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti ń múra òmìnira, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ yóò fi rí owó yá láti kọ́lé. A dá ẹgbẹ́ tí ń yáni lówó ìkọ́lé sílẹ̀ ní 1956. Òun ni ó di Báǹkì Ìkọ́lé Ìjọba Àpapọ̀ ní 1977. Ilé tí a fi owó náà kọ́ ni báǹkì ń gbà gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró. Ìdúró irú èyí kò rí bí ìdógò àtijọ́. Ìdógò kì í di títà. Ṣùgbọ́n ajigbèsè tí ó fi ìwé ilé sọ́wọ́ báǹkì lè gbà á padà kìkì bí ó bá san owó kí báǹkì tó ta ilé náà. Bí a bá ti tà á, ó parí. Pé iye tí a tà á kéré kò tó láti da ọjà náà rú, àfi bí a bá fi hàn pé ìwà ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti ìdájọ́. Bí ilé-ẹjọ́ bá ní kí ènìyàn san gbèsè, tí kò san, ẹrù àti dúkìá tí ó ṣeé gbé ni akódà yóò kọ́kọ́ mú. Bí ìyẹn kò bá tó ni olówó yóò tó padà lọ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ lórí ilé. Lẹ́yìn gbàǹjo, ọjọ́ 21 wà tí ẹni tí ọ̀ràn kàn fi lè bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí ó fagi lé ọjà náà nítorí àṣìṣe ńlá nínú bí a ṣe tà á. Lẹ́yìn èyí ni olùrà yóò tó gba ìwé ẹ̀rí.

Òfin gbàǹjo pàápàá béèrè pé kí a kéde fún ó kéré tán ọjọ́ méje kí a tó ta ilẹ̀ tàbí ilé, ní olú ìlú agbègbè náà àti ní ibi tí ọjà yóò ti wáyé. Ìwé nìkan kò tó fún ìkéde náà; ó gbọdọ̀ jẹ́ pẹ̀lú ìlù, tàbí ọ̀nà mìíràn tí ẹni tí kò mọ ìwé lè fi gbọ́. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Bí ìlù bá dún, ìyá arúgbó tí ó wà nínú yàrá yóò jáde wá bèèrè pé ilé ta ni wọ́n fẹ́ tà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé òfin ìlò ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ilẹ̀ tí ènìyàn ń lò lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀, irú èyí tí ó pọ̀ jù ní Òkè-Ògùn, kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn láìsí ìfọwọ́sí ìjọba ìbílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àṣẹ ilé-ẹjọ́ ni a fi fẹ́ tà á, ìfọwọ́sí gómìnà ni a nílò. Ní 1989, nínú ẹjọ́ tí Savannah Bank bá ọ̀gbẹ́ni Ajilo ṣe, báǹkì fẹ́ lu ilé ní gbàǹjo nítorí gbèsè. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ rí i pé gómìnà kò fọwọ́ sí ìwé ìdúró náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dá a pé asán ni. Ìdájọ́ yìí ba àwọn báǹkì lẹ́rù gidigidi. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe, ilé-ẹjọ́ kan náà ṣàlàyé pé a lè kọ àdéhùn ṣáájú kí a tó gba ìfọwọ́sí, níwọ̀n ìgbà tí a bá gbà á kí àdéhùn náà tó di ohun tí ó fìdí múlẹ̀. Nígbà tí gbèsè ńláńlá sì fẹ́ bo àwọn báǹkì fúnra wọn mọ́lẹ̀, ìjọba dá àjọ AMCON sílẹ̀ ní 2010 láti ra àwọn gbèsè náà, kí ó sì máa lé àwọn ajigbèsè ńlá àti dúkìá wọn.

KÍ NI OLÙRÀ Ń RÀ?

Gbogbo ìtàn yìí padà sórí ìbéèrè kan: kí ni ẹni tí ó ra ilé gbàǹjo rà ní tòótọ́? Ìdáhùn òfin kò lọ́jú pọ̀. Ẹ̀tọ́ ajigbèsè nìkan ni ilé-ẹjọ́ lè tà, kò lè tà ju ohun tí ajigbèsè ní lọ. Bí ilé bá jẹ́ ti ajigbèsè pátápátá, olùrà ti di onílé. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí ni, tí gbèsè sì jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo, olùrà ti fi owó rẹ̀ ra ẹjọ́.

Ìdájọ́ ọdún 1959 nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti là á yé wa pé bí ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà, ọjà náà kò fìdí múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn wọ̀nyí lè mú kí a fagi lé e. Nítorí náà ni a ṣe ń rí ilé káàkiri ìlú ńlá tí a fi ọ̀dà kọ sí ara ògiri wọn pé ilé yìí kì í ṣe títà. Kì í ṣe olè àjèjì ni ẹni tí ó kọ ọ́ ń bẹ̀rù. Ọmọ ilé ni. Olùrà tí ó gbọ́n kì í wo ìwé nìkan. Yóò bèèrè ẹni tí ó kọ́ ilé náà, ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, iye ìyàwó tí ó ní, àti ẹni tí a sin síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ń súnmọ́ Òkè-Ògùn lójoojúmọ́. Ọ̀nà tí ó ti Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn ti dára, ẹ̀ka yunifásítì LAUTECH ti wà ní Ìsẹ́yìn láti 2022, ilẹ̀ tí a ti ń fi ọ̀fẹ́ fún àlejò rí sì ti di ohun tí a ń wọ̀n ní ẹsẹ̀ bàtà. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ní iye, ìwé kì í pẹ́ dé. Ibi tí ìwé bá sì dé, ìdúró kì í pẹ́ tẹ̀ lé e.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàárò ìgbà ìwọ̀fà. Ó sàn kí ilé lọ ju kí ọmọ lọ. Àǹfààní wà nínú ilé tí ènìyàn lè fi yá owó kọ́ ọmọ tàbí dá òwò sílẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní ohun ìdúró kò rí owó yá lọ́wọ́ báǹkì. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa fi ààlà kan sí agbára olówó: wọ́n ní ìwọ̀fà kì í di ẹrú, ìdógò kì í di títà. Òfin òde òní ti wó ààlà kejì, ó sì ti fi àwọn mìíràn rọ́pò rẹ̀: ìlù ọjọ́ méje, ọjọ́ mọ́kànlélógún, ìfọwọ́sí gómìnà, àti ẹ̀tọ́ ẹbí. Ààlà wọ̀nyí kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n wà. Ẹbí tí kò bá kọ ìtàn ilé rẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ èyí tí í ṣe ti baba àti èyí tí í ṣe ti gbogbo wọn, yóò gbọ́ ohùn ìlù lọ́jọ́ kan, kò sì ní mọ̀ pé ilé òun ni wọ́n ń lù ú fún.